Ọkùnrin Tí Ojú Ń Tì Nínú Fíìmù Ìfẹ́ Àwọn Tamil

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn fẹ́ràn láti máa wò ó, mo kí yín o. Ìṣòro kan la fẹ́ jọ tú wò lónìí. Eré kì í rìn bí kò bá sí ẹni tó ń ṣe nǹkan nínú rẹ̀, ọkùnrin tí ojú ń tì kò sì jọ ẹni tó lè ṣe nǹkan kan. Kò lè dẹnu ìfẹ́ kọ ọmọbìnrin. Kò lè wò ó lójú. Bí ọmọbìnrin náà bá gba ọ̀tún, òun á gba òsì. Báwo lẹ ṣe máa fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbé wákàtí méjì ààbọ̀, tí àwọn òǹwòran ò ní sùn, tí wọn ò ní bínú sí i, tí wọ́n á sì tún máa rẹ́rìn-ín?

Àwọn tó ń ṣe fíìmù ní Kodambakkam, àdúgbò sinimá ní ìlú Chennai, ti ń bá ìṣòro yìí fà á tipẹ́, wọ́n sì ti mọ ọ̀nà rẹ̀. Kí a tó wọlé, nǹkan kan wà tó yẹ kó yé wa. Fíìmù Íńdíà tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, ti èdè Hindi ni, Bombay ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Tamil kì í ṣe Hindi. Èdè ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní gúúsù Íńdíà ni, wọ́n ń sọ ọ́ ní Sri Lanka, Singapore àti Malaysia pẹ̀lú, kò sì bá Hindi tan rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa wúlò láìpẹ́.

Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ wọn nìyí: nínú fíìmù tó dáa, ìtìjú kì í ṣe àìsọ̀rọ̀ lásán. Iṣẹ́ ni ìtìjú ń bẹ ọkùnrin náà. Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá há sí i lọ́fun, ó di dandan kó wá nǹkan mìíràn ṣe dípò rẹ̀, nǹkan náà á sì gba àkókò, á le, á bu iyì rẹ̀ kù ju gbólóhùn kan ṣoṣo tí ì bá sọ lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni àánú rẹ̀ ti ń ṣe wá.

Ẹ jẹ́ ká mú fíìmù kan tó fi èyí hàn kedere: Indru Poi Naalai Vaa, tó jáde ní 1981. K. Bhagyaraj ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló sì ṣeré inú rẹ̀, pẹ̀lú awò ojú rẹ̀ tó nípọn, ojú ẹni tí ayé kò kà sí. Ọ̀dọ̀ Bharathiraja, olùdarí fíìmù Tamil mìíràn, ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó dá dúró. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ìtàn náà, ìdílé kan kó dé sí àdúgbò wọn, ọmọbìnrin kan wà nínú ìdílé náà tí Radhika ṣeré rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kó sínú ìfẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tó lè lọ bá a ní tààrà. Kálukú wọn wá wo inú ilé náà, ó mú ọ̀kan nínú àwọn ará ilé, ó sì gba ọ̀dọ̀ onítọ̀hún wọlé.

Ọ̀kan nínú wọn gba ọ̀dọ̀ bàbá. Bàbá ń kọ́ni ní Hindi, nítorí náà, ọmọkùnrin ní òun fẹ́ kọ́ Hindi. Ní Tamil Nadu, ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ní 1965 ni ìfẹ̀hónúhàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi Hindi nìkan ṣe èdè ìjọba, láti 1968 sì ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti fi mọ sórí Tamil àti Gẹ̀ẹ́sì. Òǹwòran tó jókòó sí ilé sinimá ní Madurai ní 1981 mọ̀ pé ọmọkùnrin tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kọ́ Hindi ní ìrọ̀lẹ́, nǹkan mìíràn ló ń wá lọ.

Bàbá ka gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ fún un: «Ek gaon mein ek kisan rahta tha.» Ní abúlé kan, àgbẹ̀ kan ń gbé ibẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó dé ìparí, ó ní «raghuthatha». Bàbá tún un sọ, ó fà á díẹ̀díẹ̀. Ọmọkùnrin mí kanlẹ̀, ó tẹjú mọ́ ẹnu olùkọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún bọ́ sínú ihò kan náà. Ẹ wo ohun tó mú kí ìran yìí ṣiṣẹ́. Gbólóhùn náà kúrú, òǹwòran tí kò gbọ́ Hindi á ti há a sórí ní ìgbà kejì. Àṣìṣe náà kì í yí ibùdó, ìparí ló máa ń wà nígbà gbogbo, nítorí náà ẹ̀rín ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó débẹ̀. Bàbá kò mọ̀ pé àwàdà ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ọmọkùnrin náà ń gbìyànjú tọkàntọkàn, kò sí bí òṣèré ṣe ń yọ ojú sí wa pé ẹ rẹ́rìn-ín. Títí dòní, àwọn Tamil máa ń sọ «raghuthatha» bí wọ́n bá fẹ́ fi Hindi ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi sọ orúkọ fíìmù kan ní 2024.

Ọmọbìnrin náà ńkọ́? Kò sí nínú ìran yẹn, kò sì pọn dandan kó wà níbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ yìí, tìtorí rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti di ìyà ara rẹ̀. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ bí ẹ bá ń kọ irú eré yìí: àwáwí tí onítìjú fi wọlé gbọ́dọ̀ ní làálàá tirẹ̀, kí làálàá náà máa pọ̀ sí i, kó sì wá di pé gbogbo ilé mọ̀ ọ́n, wọ́n ń pè é wá jẹun, wọ́n ń rán an níṣẹ́, àyàfi ọmọbìnrin tó torí rẹ̀ wá nìkan ni kò tíì bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀n. Fíìmù Tamil àtijọ́ tó wà déédéé máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 150. Ìsinmi wà láàárín, wọ́n sì ń kọ ìtàn sí ìsinmi náà ni: nǹkan gbọ́dọ̀ yí padà kí iná tó tàn nínú gbọ̀ngàn. Orin máa ń tó márùn-ún tàbí mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún, ìyẹn ni pé ó súnmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ìtàn kò fi ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ yọ èyí kúrò, ẹ yọ ìgbà tí a fi mọ ilé àti àdúgbò, ohun tó kù ṣáájú ìsinmi kò ju nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lọ. Láàárín ogójì yẹn, ìgbà mélòó ni ọkùnrin náà lè gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ kó sì kùnà? Ẹ̀ẹ̀mẹta, ní tèmi. Ẹ̀ẹ̀mejì kò tíì fi hàn pé àrùn ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin ti ń sú èèyàn. Ohun tó sì ń ba èyí jẹ́ jù ni pé òǹkọ̀wé á lo ìdí kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnìkan wọlé, ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnìkan tún wọlé. Kí ti àkọ́kọ́ wá láti inú ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ ó kò jáde. Kí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wá láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Kí ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta wá láti ẹnu ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀, kó sọ ohun kan tí kò mọ̀ pé ó lè pa ọkùnrin náà lẹ́nu dé: bóyá pé òun ti ń wá ọkọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, bóyá pé inú òun dùn pé òun ní ẹni tí òun lè kà sí ẹ̀gbọ́n.

Orin ni ilé ìṣúra onítìjú. Ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan ní gbangba á bọ́ sínú orin, ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ á sì jẹ́ ti S. P. Balasubrahmanyam tàbí K. J. Yesudas, ohùn tí kò ní ìtìjú kankan. Òṣèré ń la ẹnu ni, olórin ló ń kọ ọ́. Ìyàtọ̀ láàárín ara tó ń sá àti ohùn tó dúró ṣinṣin yìí, kò sí bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu rọ́pò rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe máa ń lọ ni pé olùdarí á ṣàlàyé fún ẹni tó ń ṣe orin fíìmù náà ibi tí ìtàn dé, onítọ̀hún á gbé ohùn kalẹ̀, akéwì á wá fi ọ̀rọ̀ tó bá ìwọ̀n ohùn mu sí i. Nítorí náà bí olùdarí bá sọ pé «orin ìfẹ́ ni», orin ìfẹ́ lásán ló máa gbà. Bí ó bá sọ pé «ó ń kọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀, ọmọbìnrin náà wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí i, tó ń ra òdòdó, kò sì mọ̀», ohun mìíràn ló máa gbà. Ilaiyaraaja, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin fíìmù ní 1976, mọ iṣẹ́ yìí dé góńgó, òun ló ṣe orin fíìmù 1981 tí mo sọ tán yìí.

Òun náà ló ṣe orin Idhayam, tí Kathir darí ní 1991. Èyí kì í ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ onítìjú láàárín àwọn Tamil ká má dárúkọ rẹ̀. Murali ṣe Raja, ọmọ abúlé tó wá kọ́ ìṣègùn ní ìlú ńlá, tó fẹ́ràn Geetha, tí kò lè sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá fẹ́ dé ibi tó yẹ, àìsàn ọkàn ti mú Raja, dókítà sì ti ní kò gbọdọ̀ gbọ́ ìròyìn tó lè mi ọkàn rẹ̀, ìbáà ṣe ayọ̀, ìbáà ṣe ìbànújẹ́. Ẹ wò bí òǹkọ̀wé ṣe sọ ìtìjú di ohun tí ara gan-an ń gbé. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí débi pé ní 2010, nínú Baana Kaathadi, fíìmù àkọ́kọ́ tí ọmọ Murali, Atharvaa, ti ṣe olú òṣèré, bàbá náà yọjú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Raja kan náà: ó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kò sì tíì sọ ọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn ló mọ ẹni tí wọ́n ń wò láìsí àlàyé kankan. Murali kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn.

Mo fẹ́ kàn sí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Yorùbá mọ alárinà, ẹni tí ń bá ọkùnrin gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ obìnrin títí ọ̀rọ̀ á fi jọ. Fíìmù Tamil ní tirẹ̀, ọ̀rẹ́ tó jẹ́ apanilẹ́rìn-ín. Nagesh ṣe é, Goundamani àti Senthil ṣe é, Santhanam sì ṣe é nínú fíìmù mẹ́ta tí M. Rajesh darí ní 2009, 2010 àti 2012, débi pé àwọn mìíràn ń tìtorí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ju olú òṣèré lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Nígbà kan, òǹkọ̀wé ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kó wá kọ apá àwàdà, A. Veerappan ló kọ ọ̀pọ̀ nínú ti Goundamani àti Senthil. Ẹ lè gé irú apá bẹ́ẹ̀ kúrò kí ìtàn ṣì dúró. Nínú eré onítìjú, kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ máa ba nǹkan jẹ́ pẹ̀lú èrò rere: ó jíṣẹ́ tí a kò rán an, ó fún ẹni tí kò yẹ ní lẹ́tà, ó parọ́ kan tí ọ̀gbẹ́ni wa ní láti máa gbé kiri títí fíìmù á fi parí. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ń pani lẹ́rìn-ín tí kò sí ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Nípa òṣèré, àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ jù. Wọ́n á ní kí onítìjú máa kólòlò, kó máa wo ilẹ̀, kó máa jẹ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Kò pẹ́ tí yóò fi jọ pé ara rẹ̀ kò dá tàbí pé orí rẹ̀ kò pé, òǹwòran kò sì ní fẹ́ kí ọmọbìnrin náà gbà fún un. Onítìjú gidi kì í tijú níbi gbogbo. Ẹ fi í sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, kó já fáfá. Ẹ fi í sáàárín àwọn ọmọdé, kó jẹ́ ọ̀gá. Nígbà náà ni ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ níwájú obìnrin kan ṣoṣo á wá ní ìtumọ̀. Ní ti kámẹ́rà, ojú lọ̀rọ̀ wà: ẹni tó ń gbọ́ ni kí ẹ yà, kì í ṣe ẹni tó ń sọ. Wọ́n ti mọ èyí láti ìgbà Kadhalikka Neramillai, àwàdà ìfẹ́ tí C. V. Sridhar darí ní 1964. Nínú rẹ̀, Nagesh ń sọ ìtàn fíìmù kan tó bani lẹ́rù fún bàbá rẹ̀, tí T. S. Balaiah ṣe, ó ń dún bí ilẹ̀kùn, ó ń dún bí ẹranko. Nagesh ló ń ṣe gbogbo làálàá náà, ṣùgbọ́n ojú Balaiah tí ẹ̀rù ń bà díẹ̀díẹ̀ ló ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká lo àkókò díẹ̀ lórí 96, fíìmù tí C. Prem Kumar darí ní 2018, nítorí pé kò sí èyí tó kọ́ni tó o láàárín àwọn tuntun. Vijay Sethupathi ni Ram, Trisha ni Janu. Wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan ní Thanjavur ní 1996, gbèsè bàbá Ram sì mú kí ìdílé rẹ̀ kó kúrò nílùú lójijì. Ọdún méjìlélógún lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ kíláàsì ṣe ìpàdé, Janu ti Singapore dé, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, wọ́n sì lo òru kan péré pọ̀ ní Chennai. Ram jẹ́ ayàwòrán tó ń rìn kiri, ó sì jẹ́ olùkọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù. Ẹ rí i pé kò tijú níbẹ̀. Ìgbà tí Janu bá súnmọ́ ọn ló ń sún sẹ́yìn.

Láti ilé ẹ̀kọ́ ni Ram ti ń bẹ Janu pé kó kọ orin kan fún òun, «Yamunai Aatrile», orin Ilaiyaraaja láti inú Thalapathi ti 1991. Janu ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ gbogbo orin tó kù, kò kọ ìyẹn. Ẹ wo bí ohun tí onítìjú béèrè ṣe kéré tó. Kò ní «fẹ́ mi», orin ló ní kó kọ. Òǹwòran wá ń dúró de orin náà láìmọ̀ pé ohun tí òun ń dúró dè nìyẹn. Lóru ọjọ́ yẹn, nínú ilé Ram, iná lọ. Nínú òkùnkùn ni Janu ti bẹ̀rẹ̀ orin náà, tí Ram sì ń táràrà láti wá ìmọ́lẹ̀ tí yóò fi rí i. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, omijé wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ gbólóhùn ìfẹ́ kan.

Ìran tó tún ju ìyẹn lọ ni ti ilé oúnjẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ram bá wọn pàdé, wọ́n rò pé ìyàwó rẹ̀ ni, wọ́n ní kó sọ bí wọ́n ṣe pàdé. Janu sì sọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé Ram wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Janu nígbà kan, ó rán ọmọbìnrin kan sí i, Janu rò pé ọkùnrin mìíràn tó ń yọ òun lẹ́nu ni, ó sì ní kó máa lọ. Nínú ìtàn tó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó jáde, ó sì rí i. Ojú Ram ni kẹ́ ẹ máa wò bó ṣe ń gbọ́. Òǹkọ̀wé fún wa ní ìran ìjẹ́wọ́ ìfẹ́ tí gbogbo wa ń fẹ́, láti ẹnu obìnrin, gẹ́gẹ́ bí irọ́, níwájú àwọn tó gbà á gbọ́. Bí ẹ bá ń kọ onítìjú, ẹ máa béèrè ẹni mìíràn tó lè sọ ọ́ dípò rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí irú eré yìí ti ń rùn. Láti inú «kò lè sọ̀rọ̀», ó rọrùn púpọ̀ láti bọ́ sínú «ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kiri». Ọ̀pọ̀ fíìmù Tamil ti sọ ìtọ̀lẹ́yìn di ìfẹ́: ọmọbìnrin kọ̀, ọkùnrin ń tẹ̀lé e, ó tún kọ̀, ó tún ń tẹ̀lé e, orin bẹ̀rẹ̀, ó gbà. Ní 2016, lẹ́yìn tí wọ́n pa ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Chennai, àríyànjiyàn lórí èyí gbóná, ọ̀pọ̀ sì bá Remo, tó jáde ní ọdún náà, wí gidigidi, nítorí pé ọkùnrin inú rẹ̀ múra bí nọ́ọ̀sì obìnrin kó lè súnmọ́ dókítà tó fẹ́ràn, tó sì ti ń múra ìgbéyàwó lọ. Ìbáwí yẹn tọ́. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ tiyín wò, ẹ pín ìwé sí méjì: ẹ kọ ohun tí ọkùnrin mọ̀ nípa ọmọbìnrin sí apá kan, ohun tí ọmọbìnrin mọ̀ nípa ọkùnrin sí apá kejì, ìran kan tẹ̀lé òmíràn. Bí apá àkọ́kọ́ bá ń kún tí ìkejì ṣófo dé ìsinmi, amí lẹ kọ, kì í ṣe olólùfẹ́. 96 náà kò mọ́ pátápátá nínú èyí, Ram wà láàárín èrò ní ìgbéyàwó Janu láìjẹ́ kó mọ̀. Ohun tó gbà á ni pé Janu wá mọ gbogbo rẹ̀ kí fíìmù tó parí, ó sì rí àyè bínú.

Ìṣòro ìgbà tiwa ni fóònù. Ní 1996, Agathiyan gbé Kadhal Kottai kalẹ̀ lórí lẹ́tà: àwọn méjì tó fẹ́ràn ara wọn kò tíì rí ara wọn rí, súẹ́tà tí ọmọbìnrin náà hun ló fi dá ọkùnrin náà mọ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó gba ẹ̀bùn ìjọba àpapọ̀ fún olùdarí tó dára jù. Fóònù alágbèéká pa ìtàn yẹn, fọ́tò kan tó. Àwọn mìíràn ń sá fún un, wọ́n ń gbé ìtàn wọn padà sí ọdún 1990 sí 1999. Love Today ti 2022 kò sá: bàbá ọmọbìnrin ní kí àwọn méjèèjì pààrọ̀ fóònù fún ọjọ́ kan kí òun tó gbà, fóònù fúnra rẹ̀ sì di ìdènà. Fún onítìjú, ohun tó kù láti lò pọ̀: ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ tó sì pa rẹ́, tí ọmọbìnrin sì rí i lójú fóònù tirẹ̀ pé ó ń kọ nǹkan, ohùn tó gbà sílẹ̀ tó ṣèèṣì lọ sínú gúrúùpù àwọn ará ilé, àmì pé wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́, láìsí èsì. Ìdààmú gidi ló wà níbẹ̀, kò sì tíì sú ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá fẹ́ wò wọ́n, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tuntun. Ẹ wo ti 1981, ẹ tẹ̀lé e pẹ̀lú ti 1991, kí ẹ tó wá sórí ti 2018, nítorí pé gbogbo orin tí Janu kọ nínú rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé etí tó ti gbọ́ Ilaiyaraaja tẹ́lẹ̀. Kí ẹ sì wá ẹ̀dà tí ìtumọ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àwòrán, kì í ṣe èyí tí wọ́n yí ohùn rẹ̀ sí èdè mìíràn. Ẹni tó bá yí ohùn máa ń fi ọ̀rọ̀ kún ibi tí ọkùnrin náà ti dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì ni gbogbo iṣẹ́ náà.